Churchill àti Àpótí Ọ̀dà Rẹ̀

 

Gbogbo àwa tá a kẹ́kọ̀ọ́ ìtàn nílé ìwé la mọ Winston Churchill, ọkùnrin onísìgá ńlá tó jẹ́ olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun Hitler. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ogun kọ́ ni mo gbé wá. Àwòrán tó ń yà ni mo fẹ́ bá yín sọ. Púpọ̀ nínú ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa ló ti fẹ̀yìn tì, àwọn kan sì wà láàrin wa tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn láìròtẹ́lẹ̀. Ojú Churchill náà rí i.

Ọdún 1874 ni wọ́n bí i, ọmọ ilé ọlá sì ni. Kó tó pé ogójì ọdún, ó ti ṣe sójà, ó ti ṣe akọ̀ròyìn (iṣẹ́ tèmi náà nìyẹn o!), ó ti wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó sì ti di mínísítà tó ń ṣàkóso ọmọ ogun ojú omi. Nígbà tí ogun àgbáyé kìíní dé, ó ta kú pé kí wọ́n fi ọkọ̀ ogun gba omi tóóró Dardanelles wọ ilẹ̀ Tọ́kì. Lọ́jọ́ 18 oṣù kẹta 1915, àdó tí àwọn ará Tọ́kì dẹ sínú omi rì ọkọ̀ ogun ńlá mẹ́ta. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n kó sójà gúnlẹ̀ sí Gallipoli, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ ló sì bá a lọ. Orí Churchill ni gbogbo ẹ̀bi já lé. Wọ́n yọ ọ́ lóṣù karùn-ún, wọ́n fún un nípò kan tí kò níṣẹ́ gidi nínú. Clementine ìyàwó rẹ̀ rò pé ìbànújẹ́ ló máa pa á.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn, òun àti ẹbí rẹ̀ háyà ilé kan ní Surrey, Hoe Farm lorúkọ ibẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó: ẹni tó ń pàṣẹ fún ọkọ̀ ogun lánàá ló ń rìn kiri inú ọgbà, tí kò mohun tó máa fọwọ́ ṣe. Ó rí Gwendeline, ìyàwó Jack àbúrò rẹ̀, tó ń fi ọ̀dà olómi yàwòrán. Ó dúró wò ó, lòun náà bá ní kóun dán an wò. Kò pẹ́ tó fi lọ ra ọ̀dà olóróró, búrọ́ọ̀ṣì àti kánfáàsì. Ẹni ogójì ọdún, tí kò kọ́ ọ níbì kankan rí!

Ibi tó pa mí lẹ́rìn-ín rèé. Ọkùnrin tí ìbọn ò bà lẹ́rù dúró níwájú aṣọ funfun, jìnnìjìnnì bò ó. Àmì bíńtín ló fi ọ̀dà ṣe sí i, ló bá dúró gbagidi. Bí mọ́tò ṣe dé nìyẹn, tí Hazel bọ́ sílẹ̀, ìyàwó John Lavery, ayàwòrán tí gbogbo Lọ́ńdọ̀nù mọ̀. Obìnrin yìí gba búrọ́ọ̀ṣì ńlá lọ́wọ́ ẹ̀, ó rì í bọ ọ̀dà, ó sì fi na kánfáàsì náà bí ẹni ń na ọmọ olóríkunkun. Kánfáàsì ò lè gbèjà ara ẹ̀. Churchill rí i bẹ́ẹ̀, ló bá gba búrọ́ọ̀ṣì padà, ó kọ lù ú. Kò tún bẹ̀rù ẹ̀ mọ́.

Kí ló wá rí níbẹ̀? Nínú àpilẹ̀kọ tó gbé jáde ní 1921 sí 1922, tó di ìwé ní 1948, ó ṣàlàyé pé kéèyàn kàn jókòó pé òun ń sinmi, ọkàn ò ní sinmi, wàhálà àná náà ni yóò máa tún rò. Àfi kéèyàn wá iṣẹ́ mìíràn fún ojú àti ọwọ́. Àbí ẹni tó ń wá àwọ̀ tí ewé ní lábẹ́ òjìji, níbo ló ti fẹ́ ráyè ronú Dardanelles? Èmi gbà á gbọ́, torí ó dán an wò níbi tó le. Nígbà tó lọ sójú ogun ní Bẹ́ljíọ̀mù ní 1916, ó ń yàwòrán ní Ploegsteert. Lóṣù kẹfà 1921, ìyá rẹ̀ kú. Lóṣù kẹjọ, Marigold ọmọbìnrin rẹ̀, tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, tún kú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fọwọ́ sin ọmọ rí, ẹ mohun tí mò ń wí. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó lọ sí Dunrobin ní Sìkọ́tílándì, ó lọ ya odò àti àwọn òkè ibẹ̀. Ọ̀dà ò jí òkú o. Ó kàn jẹ́ kó rí nǹkan fọwọ́ ṣe títí ilẹ̀ fi ṣú ni.

Ẹ má wò ó pé mò ń fi ọkùnrin yìí ṣe ẹni mímọ́. Lóṣù kẹjọ 1941, òun àti Roosevelt kéde pé kí aráyé máa yan irú ìjọba tí wọ́n bá fẹ́. Attlee, igbákejì rẹ̀, sọ fún WASU, ẹgbẹ́ tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1925, pé ó kan àwa aláwọ̀ dúdú. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, Churchill sọ nílé aṣòfin pé àwọn ará Yúróòpù tó wà lábẹ́ Hitler lòun ní lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ yẹn dun àwọn bàbá wa. Tiwa kọ́ lọkàn tó balẹ̀ nídìí àwòrán náà, ṣùgbọ́n ọkàn èèyàn ni.

Ó ra Chartwell ní Kent ní 1922, ó ní ilé ìyàwòrán nínú ọgbà. Láti 1929 sí 1939 tí kò sí nípò, ibẹ̀ ni ibi ìsádi rẹ̀. Ó tiẹ̀ ń mọ bíríkì níbẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn bíríkìlà ti gbà á wọlé ní 1928! Nígbà ogun kejì, àwòrán kan ṣoṣo ló ráyè yà, ti mọ́ṣáláṣí Koutoubia ní Marrakesh ní 1943, ó sì fi ta Roosevelt lọ́rẹ. Ọdún 1945, lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ́gun Jámánì, àwọn èèyàn rẹ̀ dìbò yọ ọ́. Ibo ló gbà lọ? Etí adágún Como ní Ítálì, tòun ti àpótí ọ̀dà.

Ní 1947, ó fi àwòrán méjì ránṣẹ́ sí Royal Academy lórúkọ David Winter. Wọ́n gbà wọ́n. Gbogbo àwòrán rẹ̀ lé ní 500.

Èyí tí wọ́n gbà pé ó yà kẹ́yìn, ní nǹkan bí 1962, ni ti adágún ẹja tó wà nínú ọgbà rẹ̀. Ó fún ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ọ. Ọjọ́ 24 oṣù kìíní 1965 ló kú, lẹ́ni 90 ọdún. Ẹ̀yin tọ́mọ yín wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Chartwell ò jìnnà síbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ ní kí wọ́n mú yín dé ilé ìyàwòrán náà, àwọn àwòrán rẹ̀ ṣì wà lára ògiri.