Hannibal, Ọ̀gágun Tí Ó Fi Ẹsẹ̀ Jagun

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, púpọ̀ nínú wa ni ó rò pé agbára àti ọ̀pọ̀ ènìyàn nìkan ni a fi í ṣẹ́gun. Ìtàn Hannibal fi hàn wá pé kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọdún tí a ó dárúkọ níhìn-ín ni ó ṣáájú ìbí Olúwa wa.

Ní ọdún 247 ni a bí i ní Carthage, ìlú ńlá kan létí òkun ní àríwá Áfíríkà, nítòsí ibi tí Tunis wà lónìí. Hamilcar baba rẹ̀ jẹ́ ọ̀gágun tí ó ti bá àwọn ará Róòmù jà. A gbọ́ pé nígbà tí Hannibal jẹ́ ọmọ ọdún 9, baba rẹ̀ mú un búra pé kò ní bá Róòmù ṣọ̀rẹ́ láéláé.

Nígbà tí ogun dé ní ọdún 218, àwọn ará Róòmù múra láti lọ jà ní Spéìnì àti ní Áfíríkà. Hannibal kò dúró dè wọ́n. Ó kó ọmọ-ogun, ẹṣin àti erin la àwọn òkè Alps kọjá nínú òjò dídì. Ọ̀pọ̀ ṣègbé lọ́nà, ṣùgbọ́n ó yọ sí wọn ní Ítálì, níbi tí wọn kò fojú sí.

Ní ọdún 217, Fabius, ọ̀gágun Róòmù, dí ọ̀nà àárín òkè mọ́ ọn. Hannibal di igi gbígbẹ mọ́ ìwo nǹkan bí 2,000 màlúù, ó ti iná bọ̀ ọ́ lóru, ó sì lé wọn gun orí òkè. Àwọn tí ń ṣọ́ ọ̀nà sáré tẹ̀lé iná náà. Hannibal sì gba ọ̀nà tí wọ́n fi sílẹ̀ kọjá lọ.

Ní ọdún 216, ní Cannae, ọmọ-ogun Róòmù tó nǹkan bí 80,000, tirẹ̀ sì tó nǹkan bí 50,000. Ó mú kí àwọn tí ó wà láàrín máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Àwọn ará Róòmù rò pé àwọn ń lé wọn ni. Wọn kò mọ̀ pé inú àpò ni àwọn ń wọ̀. Àwọn ọmọ-ogun Áfíríkà yí sí wọn lọ́tùn-ún lósì, àwọn ẹlẹ́ṣin sì dí ẹ̀yìn wọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ohun tí a kò lè kà láìkáàánú.

Síbẹ̀ Róòmù kò túúbá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí ó yè bọ́ ní Cannae, Scipio ni orúkọ rẹ̀, ó sì ti kọ́ ẹ̀kọ́. Òun náà fi Ítálì sílẹ̀, ó gbé ogun lọ sí Áfíríkà, títí Carthage fi ránṣẹ́ pe Hannibal wálé. Ní Zama, ní ọdún 202, Scipio la àyè sílẹ̀ kí àwọn erin lè gba àárín ogun rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà, àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ yí wá kọlu Hannibal láti ẹ̀yìn. Ọgbọ́n Cannae ni a fi mú ẹni tí ó ta á.

Hannibal di ìsáǹsá nílẹ̀ òkèèrè. Ní nǹkan bí ọdún 183, ó mu májèlé ní Bithynia kí ó má bàa bọ́ sọ́wọ́ Róòmù.

Àwọn baba wa ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Scipio kò tijú láti kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ ẹni tí ó nà án. Ẹ jẹ́ kí àwa tí a ó dúró níwájú àwọn ọmọdé rántí èyí: ohun tí a bá ń ṣe, ẹnìkan jókòó tí ń wò ó, yóò sì lò ó lọ́jọ́ kan, ìbáà ṣe fún wa tàbí lòdì sí wa.