Alioune Diop, Akọ̀wé Àgbà Tí Wọ́n Yọ Nípò Kí Festac Tó Bẹ̀rẹ̀

Gbogbo wa la mọ̀ pé torí àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà aláwọ̀ dúdú 1977 ni wọ́n ṣe kọ́ Festac Town. Ẹni tí a kì í sábà dárúkọ ni Alioune Diop, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà tó jẹ́ akọ̀wé àgbà ìgbìmọ̀ àgbáyé àjọ̀dún náà, tí wọ́n yọ ní 1976 nígbà tí ọjọ́ ti ń sún mọ́lé.

Saint-Louis ni wọ́n ti bí i ní 1910. Ilé Mùsùlùmí ni, àmọ́ ó di ọmọ ìjọ Àgùdà nígbà tó dàgbà. Ó kàwé dé Algiers àti Párísì, ó ṣe tíṣà, ó tún ṣe sẹ́nétọ̀ nílé aṣòfin Faransé fúngbà díẹ̀ lẹ́yìn ogun Hitler. Ní 1947 ló dá ìwé àtìgbàdégbà Présence Africaine sílẹ̀, kó tó fi títẹ ìwé kún un.

Kí ló ń wá gan-an? Nígbà yẹn, tí aláwọ̀ dúdú bá kọ ewì tàbí ìtàn, òyìnbó ló máa ń ṣe lámèyítọ́ rẹ̀. Wọ́n á fi ìwọ̀n tiwọn wọ̀n ọ́n, tí kò bá bá a mu, wọ́n á ní kò tíì gún. Diop fẹ́ kí àwa náà ní ibi tí a ó ti máa sọ èyí tó dáa nínú iṣẹ́ wa àti èyí tó kù díẹ̀ káàtó, kí ayé sì gbọ́. Òun fúnra rẹ̀ ò kọ ìwé púpọ̀, ti àwọn ẹlòmíì ló ń tẹ̀: Aimé Césaire, Cheikh Anta Diop (ẹ má ṣi àwọn Diop méjèèjì mú fún ara wọn o).

Ní oṣù Kẹsàn-án 1956, ó kó àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́-ọnà dúdú jọ sí Sorbonne ní Párísì. Senghor wà níbẹ̀, Fanon àti Richard Wright náà wà níbẹ̀. Du Bois ò rí wá torí ìjọba Amẹ́ríkà ò fún un ní páásípọ́ọ̀tù. Ibi tó kàn wá rèé: ọmọ Yorùbá kan, E. L. Lasebikan, dìde, ó ṣàlàyé bí ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ṣe ń gbé ewì Yorùbá ró. Ẹ rò ó wò. Ẹni tó bá ń wá ráìmù òyìnbó nínú ewì wa ò ní rí i, á ní kò létò. Ètò ọ̀hún wà nínú ohùn! Présence Africaine sì tẹ iṣẹ́ náà jáde. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ulli Beier, tí òun náà lọ sí ìpàdé yẹn, bẹ̀rẹ̀ ìwé Black Orpheus n'Íbàdàn.

Ìpàdé kejì, ní Róòmù ní 1959, ló bí èrò àjọ̀dún. Dakar ṣe àkọ́kọ́ ní 1966, Nàìjíríà gba èkejì. Ibẹ̀ ni ìjà ti dé. Senghor, ààrẹ Sẹ̀nẹ̀gà, ò fẹ́ kí àwọn Lárúbáwá àríwá Áfíríkà kópa nínú àpérò àwọn ọ̀mọ̀wé. Nàìjíríà ní gbogbo Áfíríkà ló ni í. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú nìkan o, ìbéèrè tíọ́rì ni: tí a bá ní àṣà aláwọ̀ dúdú, ṣé àwọ̀ ara là ń wí àbí ilẹ̀? Sẹ̀nẹ̀gà ní àwọn ò wá mọ́, ni wọ́n bá yọ Diop, wọ́n fi Ambroise Mbia ọmọ Kamẹrúùnù rọ́pò rẹ̀. Lójú tèmi, Nàìjíríà jàre lórí ọ̀rọ̀ Lárúbáwá, àmọ́ ẹjọ́ ìjọba ìlú rẹ̀ ni wọ́n gbé ka bàbá náà lórí. Ó sì ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Èyí tó tún wá dunni ni pé Sẹ̀nẹ̀gà padà wá síbi àjọ̀dún náà.

Diop kú ní Párísì ní oṣù Karùn-ún 1980. Ìyàwó rẹ̀, Christiane Yandé Diop, ló gba àkóso ilé-iṣẹ́ náà, ìsọ̀ ìwé wọn sì ṣì wà ní rue des Écoles. Ti Festac ò jìnnà sí wa ní tiwa: ìjọba dá CBAAC, tó wà ní Broad Street, sílẹ̀ láti máa tọ́jú àwọn ẹrù àti ìwé àjọ̀dún náà, títí kan ti àpérò. Ọmọ wa tó bá ń ṣe project lórí lítíréṣọ̀, kó wọ ọkọ̀ ojú irin ní Mile 2, kó sọ̀ ní Marina, kó béèrè wọn.