Wendell Scott: Mẹkáníìkì tó sọ àlòkù ọkọ̀ di ọkọ̀ eré

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mi ò ti rí fóònù mi gbé sílẹ̀. Fídíò ọkọ̀ ni mò ń wò. Ẹ ti rí irú ẹ̀ rí. Wọ́n á fa Chevrolet tàbí Mustang ayé àtijọ́ tó ti dípẹtà jáde látinú ọgbà ẹnìkan l'Amẹ́ríkà, wọ́n á ha ìpẹtà náà kúrò, wọ́n á kùn ún lọ́dà tuntun. Wọ́n á yọ ẹ́ńjìnnì àtijọ́, wọ́n á gbé èyí tí kọ̀ǹpútà ń darí sí i, wọ́n á pààrọ̀ bíréèkì àti sípíríǹgì. Tẹ́ ẹ bá wò ó láti òkèèrè, ọkọ̀ ọdún 1967 ni. Tẹ́ ẹ bá tẹná mọ́ ọn, ọkọ̀ òde òní ni. Owó tí wọ́n ń ná lé ọkọ̀ kan ṣoṣo lórí, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká sọ ọ́.

Ibi tí mo ti ń wò ó ni mo ti bá orúkọ Wendell Scott pàdé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn ẹ̀, ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ bá mi lórí ẹ̀. Kí n má purọ́, inú bí mi. Nǹkan tí àwọn olówó fi ń ṣe fàájì lónìí, ká mú àlòkù ọkọ̀ ká sọ ọ́ di eléré, òun ni ọkùnrin yìí fi bọ́ ìyàwó àti ọmọ, bẹ́ẹ̀ kò sówó lọ́wọ́ ẹ̀.

Ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 1921 ni wọ́n bí i ní ìlú Danville, ní ìpínlẹ̀ Virginia. Aláwọ̀ dúdú ni. Nígbà yẹn, ní apá Gúúsù Amẹ́ríkà, òfin gan-an ló ya àwọn èèyàn wa sọ́tọ̀: ilé ìwé tiwọn lọ́tọ̀, ìjókòó tiwọn nínú bọ́ọ̀sì lọ́tọ̀, kódà ẹ̀rọ omi tiwọn lọ́tọ̀. Bàbá ẹ̀ máa ń wakọ̀ fún àwọn olówó òyìnbó, ó sì ń bá wọn tún un ṣe. Ibẹ̀ ni ọmọ ti mọ inú ọkọ̀. Ilé iṣẹ́ òwú àti tábà ló pọ̀ ní Danville, àmọ́ Wendell ò fẹ́ kí ọ̀gá kankan máa pàṣẹ fóun. Ó wa takisí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó ṣe mẹkáníìkì fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní Yúróòpù. Nígbà tó délé, ó ṣí gáréèjì tiẹ̀.

Ibi tí ìtàn ti wá dùn rèé: ògógóró.

Àwọn èèyàn máa ń pọn wísíkì nínú igbó níbẹ̀, wọn ò sì fẹ́ san owó orí fún ìjọba. Ẹni tó máa gbé ọtí náà lóru gbọ́dọ̀ lè sáré ju ọlọ́pàá lọ. Owó gáréèjì ò tó, Wendell bá bọ́ sínú iṣẹ́ náà. Mi ò sọ pé ó dáa o. Àmọ́ ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ jọ ọkọ̀ gbogbo ayé, kí ẹnikẹ́ni má fura. Inú ẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Wọ́n á tún ẹ́ńjìnnì ṣe kó lágbára ju bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é lọ. Wọ́n á fi sípíríǹgì tó le sí ìdí ọkọ̀, torí tí ẹrù ọtí bá jẹ́ kí ìdí ọkọ̀ wọlẹ̀, ọlọ́pàá ti mọ̀ nìyẹn. Ara jẹ́jẹ́, inú iná! Nígbà tí Pontiac gbé GTO jáde ní ọdún 1964, tó kó ẹ́ńjìnnì ńlá sínú ọkọ̀ tí bàbá fi ń gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé, tèmi ni pé àwọn ológógóró ti ṣe é tipẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn tó kọ́kọ́ sáré nínú ìdíje NASCAR, ìdí iṣẹ́ yìí ni wọ́n ti wá.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọwọ́ ọlọ́pàá tẹ̀ ẹ́, ní ọdún 1949. Wọn ò jù ú sẹ́wọ̀n, wọ́n kàn ní kó máa ṣọ́ra fún ọdún mẹ́ta.

Ní ọdún 1952, àwọn tó ń ṣètò eré ọkọ̀ ní Danville ń wá èrò. Wọ́n rò ó pé tí aláwọ̀ dúdú kan bá sáré pẹ̀lú àwọn òyìnbó, èrò á ya wá wòran. Ta ni kí wọ́n lọ bi? Ọlọ́pàá! Àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n ti ń lé e kiri ló dárúkọ Wendell. Ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún ló sáré àkọ́kọ́. Àwọn kan nínú èrò hó lé e lórí, ọkọ̀ ẹ̀ tún bàjẹ́. Àmọ́ ọkàn ẹ̀ ti lọ síbẹ̀ pátápátá.

Lọ́jọ́ kejì, ó tún ọkọ̀ náà ṣe, ó fà á lọ sí ibi ìdíje NASCAR kan ní Winston-Salem. Wọ́n ní àwọn ò gba aláwọ̀ dúdú. Ó lọ sí High Point, ọ̀rọ̀ kan náà. Ó bá lọ ń sáré níbi tí NASCAR ò sí, kò sì tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn eré àkọ́kọ́ yẹn tó fi gbégbá orókè ní Lynchburg. Nígbà tó yá, ó rí òṣìṣẹ́ NASCAR kan ní Richmond tó fún un ní láísẹ́ńsì. Ọkùnrin náà kàn bi í bóyá ó mọ irú wàhálà tó fẹ́ kó wọ̀. Ó mọ̀ ọ́n.

Ní ọdún 1961, ó gòkè sí ipele tó ga jù nínú NASCAR. Ibẹ̀ ni owó ti ń sọ̀rọ̀. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ńláńlá ló wà lẹ́yìn àwọn kan: ẹ́ńjìnnì tuntun, táyà tuntun, òṣìṣẹ́ rẹpẹtẹ. Ti Wendell, àlòkù ọkọ̀ táwọn mìíràn ti sá tì, ẹ́ńjìnnì tó tún fúnra ẹ̀ tò ní Danville, táyà tí ẹlòmíì ti lò. Àwọn ọmọ ẹ̀ ni òṣìṣẹ́. Òtẹ́ẹ̀lì tó máa gbà wọ́n láti sùn, ó ṣòro láti rí. Ìyàwó ẹ̀, Mary, ló ń se oúnjẹ tí wọ́n á gbé dání. Ìgbà mìíràn wà tí Wendell fúnra ẹ̀ máa bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ láàárín eré, tó máa tún nǹkan tó bàjẹ́ ṣe, tó máa tún wọlé padà.

Ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 1963 ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dúró lé lórí. Jacksonville, ní Florida, orí ilẹ̀ eléruku. Chevrolet Bel Air tó rà lọ́wọ́ Ned Jarrett, tí òun náà jẹ́ awakọ̀ eré, ló gbé wá. Richard Petty ló wà níwájú, ọkọ̀ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu, Wendell sì kọjá lára ẹ̀ nígbà tó ku bíi yípo 25. Ó parí eré. Kò sẹ́ni tó ju àsíá sí i. Ó tún yí ká, kò sí nǹkan kan. Buck Baker, tí Wendell fi yípo méjì gbáko ṣáájú, ni wọ́n kéde pé ó borí. Baker gba ife-ẹ̀yẹ, wọ́n ya fọ́tò, èrò túká.

Wendell ní kí wọ́n tún un kà. Lẹ́yìn wákàtí bíi méjì, wọ́n gbà pé òun ló borí lóòótọ́, pé àwọn ló ṣì í kà. Wọ́n fún un lówó ẹ̀. Ẹ̀yin ẹ rò ó wò. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì kọ́ ni ọkọ̀ yẹn kọjá níwájú wọn. Wendell gbà títí dọjọ́ ikú pé wọn ò fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú dúró ti ọmọge òyìnbó tó ń fún olúborí ní ife-ẹ̀yẹ, kó wá fẹnu kò ó lẹ́nu níwájú èrò. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀.

Ife-ẹ̀yẹ yẹn ò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n fún un lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ ẹ̀ ní igi lásán ni.

Kò fi eré sílẹ̀. Ní ọdún 1966, ipò kẹfà ló wà nínú gbogbo awakọ̀ ìdíje náà, pẹ̀lú àlòkù ọkọ̀ o! Àpapọ̀ eré tó sá ní ipele yẹn jẹ́ 495, ó sì wà lára àwọn mẹ́wàá àkọ́kọ́ nígbà 147. Ọdún 1973 ni jàǹbá ńlá ṣẹlẹ̀ ní Talladega, ọkọ̀ tó lé ní ogún ló kọlu ara wọn. Wendell fara pa gan-an, kò sì pẹ́ tí iṣẹ́ eré fi parí. Ó padà sí gáréèjì ẹ̀. Wọ́n fi ìtàn ẹ̀ ṣe fíìmù ní ọdún 1977, Richard Pryor ló ṣe é. Àìsàn jẹjẹrẹ ló pa á ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 1990, ó jẹ́ ẹni ọdún 69.

Oṣù Kẹjọ ọdún 2021, ní Daytona, ni NASCAR tó gbé ife-ẹ̀yẹ Jacksonville fún ìdílé ẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń bá a tú táyà nígbà yẹn ti di arúgbó.