Àjàyí Crowther àti Àmì Abẹ́ Lẹ́tà Wa

Ní àkókò àjọ̀dún yìí, ó tọ́ kí a rántí ọkùnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ ń bẹ nínú orúkọ ọ̀pọ̀ wa, yálà a kíyè sí i tàbí a kò kíyè sí i. Samuel Àjàyí Crowther ni. Púpọ̀ nínú wa mọ̀ ọ́n sí bíṣọ́ọ̀bù adúláwọ̀ àkọ́kọ́ nínú Ìjọ Áńgílíkà. Díẹ̀ ni ó ń rántí pé ó wà lára àwọn tí wọ́n wá lẹ́tà tí ó yẹ èdè wa, kí a lè tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé.

Ní nǹkan bí 1809 ni a bí i ní Òṣogùn. Ogun kó ìlú náà ní 1821, a sì mú òun àti ìyá rẹ̀ lẹ́rú. A tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní oṣù kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba àwọn ẹrú inú rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì kó wọn lọ sí Freetown ní Sàró. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ ìwé kíkà àti iṣẹ́ káfíńtà. Ó ṣe ìrìbọmi ní 1825, ó sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay ní 1827.

Ní 1843 ni a fi í jẹ oyè àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọdún náà sì ni ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Òun pẹ̀lú Henry Townsend àti C. A. Gollmer dé Bádágrì ní oṣù kìíní 1845. Ogun dí ọ̀nà òkè. Oṣù méjìdínlógún kọjá kí òun àti Townsend tó wọ Abẹ́òkúta, ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ 1846. Kí oṣù náà tó parí, ó rí ìyá rẹ̀, Àfàlá, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ìyá náà ṣe ìrìbọmi ní 1848.

Iṣẹ́ tí ó wà níwájú rẹ̀ kò kéré. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kò tó fún èdè wa. Bí a bá kọ oko àti ọkọ bákan náà, báwo ni òǹkàwé yóò ṣe mọ̀ bóyá baálé ilé ni a ń sọ tàbí ilẹ̀ tí a ń dá? Henry Venn, akọ̀wé ẹgbẹ́ CMS, fi ọ̀rọ̀ náà lọ àwọn ọ̀mọ̀wé, pàápàá Lepsius, ará Jámánì. Ìlànà wọn ni pé kí ìró kan ní lẹ́tà kan. Àmì kékeré lábẹ́ e, o àti s ni ó yanjú ọ̀ràn náà.

Ṣùgbọ́n ó rọrùn láti fi kálámù kán àmì sábẹ́ lẹ́tà ju láti tẹ̀ ẹ́ lọ. Nígbà náà, òjé ni a fi ń ṣe lẹ́tà ìtẹ̀wé, atẹ̀wé a sì máa ṣà wọ́n jọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà tí a kò bá rọ kò sí nínú àpótí rẹ̀. Bí a bá rọ ẹ, ọ àti ṣ ní kékeré, a ní láti rọ wọ́n ní ńlá pẹ̀lú. Bí a bá sì ní wọ́n ní òòró, kò tíì kan lẹ́tà tí ó fì sí ọ̀tún, tí à ń pè ní ítálíìkì. Ìlú Venice ni irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ti wá. Francesco Griffo gbẹ́ ẹ ní àwòṣe ìkọ̀wé ọwọ́, Aldus Manutius sì fi tẹ odindi ìwé ní 1501. Ó lẹ́wà, ó sì ní ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n dá a sílẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá rí.

Crowther kò torí èyí dẹwọ́. Ìwé Róòmù ní Yorùbá jáde ní 1850, ìwé gírámà rẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní 1852. Ní 1864 a fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Ní 1875, òun ni ó ṣe alága ìpàdé tí ó fìdí ìlànà àkọtọ́ múlẹ̀ ní Èkó. Odindi Bíbélì parí ní 1884. Ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀ korò, nítorí àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó tàbùkù sí iṣẹ́ rẹ̀ ní odò Ọya. Ó sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ ìkẹyìn ọdún 1891.

Àwa tí a ń gbé létí ibodè ní ilẹ̀ Yewa mọ̀ pé àmì yìí kì í ṣe ohun tí ó bọ́ láti ọ̀run. Àwọn ará wa ní Kétu àti Pobè, ní ilẹ̀ Benin, ń kọ ɛ àti ɔ níbi tí àwa ń kọ ẹ àti ọ. Ohùn kan náà ni, ọ̀nà méjì. Ohun tí kò tọ́ ni kí a má kọ ọ̀kankan.

Àwa náà sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. A fi ítálíìkì dáradára kan tẹ ìwé ẹ̀rí fún àwọn ọmọ wa. A ti tẹ gbogbo rẹ̀ tán kí a tó rí i pé kò ní àmì abẹ́. Orúkọ tí àwọn òbí fi ọlá sí, ọlá ti bọ́ kúrò nínú rẹ̀. A tẹ̀ wọ́n ní ọ̀tun, ìnáwó náà kò sì dùn mọ́ wa. Láti ọjọ́ náà, kí a tó yan lẹ́tà kankan, a ń kọ́kọ́ tẹ Ẹ, Ọ àti Ṣ wò, ní ńlá àti ní kékeré, pẹ̀lú àmì ohùn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ àti ẹ̀yin òbí wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú fún ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìsìn ìdúpẹ́ àti òkúta ibojì. Ẹni tí wọ́n ta bí ẹrù ni ó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ kí orúkọ wa lè pé lójú ìwé. Kí ẹwà lẹ́tà má ṣe gba èyí lọ́wọ́ wa.