Abebe Bikila, Ẹlẹ́sẹ̀ Eré

Ní ọdún 1932 ni wọ́n bí Abebe Bikila ní abúlé Jato, ní Etiópíà. Darandaran ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí Abebe dàgbà, ó di ọmọ ogun, ó sì ń ṣọ́ ọba ní Addis Ababa.

Ní 1960, ó lọ sáré ní Róòmù. Eré náà gùn ju kìlómítà 42 lọ! Bàtà tí wọ́n fún un kò bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu. Ẹsẹ̀ lásán ni ó fi sáré, bí ó ti ń ṣe nílé, ó sì gba ipò kìíní. Ní 1964, ó tún gbà á ní Tókíò.

Ní 1969, ọkọ̀ rẹ̀ dojú dé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rọ. Wọ́n gbé e lọ sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tọ́jú rẹ̀ fún oṣù púpọ̀, ṣùgbọ́n kò rìn mọ́. Orí kẹ̀kẹ́ arọ ni ó ti kọ́ bí a ti ń ta ọfà.

Ní 1971, ó lọ sí Nọ́wè. Ẹ̀yin ọmọ, ní Ṣábẹ̀ níbí, ajá ń ṣọ́ ilé, ó sì ń bá ọdẹ lọ sígbó. Ní Nọ́wè, ajá máa ń fa ọkọ̀ pẹlẹbẹ tí kò ní táyà, tí ń yọ̀ lórí yìnyín. Abebe jókòó sórí ọ̀kan, àwọn ajá sì ki eré mọ́lẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ dé.

Ó kú ní 1973, ní ẹni ọdún 41. Ọba Haile Selassie fúnra rẹ̀ wá síbi ìsìnkú náà.