Ìtàn Ìgbésí Ayé Momolu Duwalu Bukele, Ẹni tí Ó Fún Àwọn Vai ní Ìwé Kíkọ

Ẹni tí ó bá dúró ní West Point ní ìlú Monrovia, níbi tí odò Mesurado gbé ń wọ inú òkun, tí ó sì wo òdìkejì odò náà, kò ní í pẹ́ rí àdúgbò tí a ń pè ní Vai Town. Orúkọ ẹ̀yà Vai ni a fi pe ibẹ̀. Ìlú àwọn ènìyàn wọ̀nyí gan-an wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Làìbéríà, ní agbègbè Cape Mount títí dé ààlà Sàró. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti Làìbéríà wá mọ̀ wọ́n dáradára. Ẹ̀yin ìyókù ni mo ń ròyìn fún pé ẹ̀yà kékeré yìí ní ìwé kíkọ tirẹ̀, tí ẹni kan nínú wọn hùmọ̀.

Momolu Duwalu Bukele ni orúkọ ẹni náà. Ó tó ẹni ogójì ọdún ní 1849, nítorí náà ní nǹkan bí ọdún 1810 ni a bí i. Nígbà èwe rẹ̀, míṣọ́nnárì aláwọ̀ funfun kan kọ́ ọ ní ìwé kíkà fún ìwọ̀n oṣù mẹ́ta, ẹ̀kọ́ náà sì tán síbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ó di ọmọ-ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò etí òkun. Wọn a máa rán an lọ sí ọ̀nà jíjìn, òun a sì máa mú lẹ́tà bọ̀ wá fún ọ̀gá rẹ̀. Ohun tí ó yà á lẹ́nu ni pé bí ó bá hùwà àìtọ́ níbi tí ó lọ, ọ̀gá rẹ̀ a mọ̀ ọ́n kí òun tó là ẹnu, nípa wíwo ìwé lásán. Ẹ̀sùn ara rẹ̀ ni ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ rù wá sílé! Ọ̀rọ̀ náà lè pa wá lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ọkàn Bukele kò ti balẹ̀ mọ́.

Ní òru ọjọ́ kan ó lá àlá. Ó rí ọkùnrin aláwọ̀ funfun gíga kan, arúgbó tí ó wọ ẹ̀wù gígùn, tí ó mú ìwé wá fún un, tí ó sì fi hàn án bí a ti ń kọ èdè Vai sílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò lè rántí gbogbo àwọn àmì tí ó rí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ìbá fi àlá sílẹ̀ bí àlá. Bukele kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ márùn-ún jọ, wọ́n sì jókòó papọ̀ láti ṣe àmì mìíràn dípò èyí tí ó gbàgbé. Nítorí pé ọ̀dọ́mọdé ni wọ́n, wọ́n bẹ̀rù pé àwọn àgbà kò ní í kà wọ́n sí. Nítorí náà wọ́n gbé ọgọ́rùn-ún ẹrù iyọ̀ lọ fún ọba, Goturu, láti fi tọrọ àtìlẹ́yìn. Inú ọba dùn, nítorí ó rí i pé àwọn ènìyàn òun yóò bá àwọn Òyìnbó àti àwọn Mandingo dọ́gba nínú ìmọ̀ ìwé. Ní 1834 ìròyìn ìwé náà ti dé ọ̀dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì Amẹ́ríkà.

Wọ́n kọ́ ilé ńlá kan sí Jondu fún ẹ̀kọ́, wọ́n gbé bẹ́ǹṣì sí i, wọ́n sì fi pákó ṣe wàláà. Kì í ṣe ọmọkùnrin nìkan ni ó wá kẹ́kọ̀ọ́. Ọmọbìnrin wá, àwọn àgbà ọkùnrin wá, àwọn obìnrin mìíràn pẹ̀lú sì wá.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ irinṣẹ́, nítorí iṣẹ́ tiwa náà ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi gègé irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó kọ́ ìwé kíkọ mọ̀ pé bí a bá tẹ̀ ẹ́, ẹnu rẹ̀ a là sí méjì, ìlà a sì nípọn. Bí a bá dẹ ọwọ́, ìlà a tínrín bí irun. Ìdí rẹ̀ nìyí tí olùkọ́ fi ń sọ fún wa pé kí a kọ́kọ́ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà tí lẹ́tà yóò jókòó lé, àti ìlà tí kò gbọdọ̀ kọjá lókè, àti àwọn ìlà dídagun tí gbogbo lẹ́tà yóò tẹ̀ sí. Nígbà tí ọwọ́ bá ń sọ̀ kalẹ̀ nìkan ni a ń tẹ gègé. Ẹni tí ó bá tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ọwọ́ ń gòkè, ìwé ni yóò fi gún. Kálàmù esùsú tí àwọn ààfáà ilẹ̀ Mandingo ń gé kì í là bẹ́ẹ̀. Bí ẹnu rẹ̀ bá ti fẹ̀ tó nígbà tí a gé e ni ìlà rẹ̀ yóò ti fẹ̀ tó, ewé sísè sì tó láti fi ṣe tàdáwà rẹ̀.

Àmì Bukele kò gbẹ́kẹ̀ lé títẹ̀ àti dídẹ ọwọ́ rárá. Ó lé ní igba. Ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún sílébù kan, a sì ń kọ wọ́n láti òsì sí ọ̀tún. Ìlà, òbìrí àti àmì tó-tó ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tí kò ní kálàmù lè fi èédú kọ wọ́n, ẹni tí kò ní ìwé lè kọ wọ́n sára ògiri. Èyí ni ó wá gbà wọ́n là, nítorí kò ju bí oṣù méjìdínlógún lọ tí ogun fi dé bá Jondu. A sun ìlú náà, ilé ẹ̀kọ́ bá a lọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì fọ́n káàkiri.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1849, Frederick Forbes, ọ̀gágun ojú omi ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, rí àwọn àmì kan lára ògiri ilé ní ìtòsí Cape Mount. Ó gbé ìròyìn náà dé Freetown, ó sì kan Sigismund Koelle, ọmọ Jámánì tí ó ń ṣe olùkọ́ ní Fourah Bay, ilé ẹ̀kọ́ kan náà tí Àjàyí Crowther wa ti kàwé. Koelle wọ ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ Vai, ó wá Bukele rí, ó sì gbọ́ ìtàn rẹ̀ láti ẹnu rẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ ìrìn àjò yìí, nítorí ní 1850 Bukele kú.

Àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn ti sọ pé ó lè jẹ́ ọ̀dọ̀ ará Cherokee kan, Austin Curtis, tí ó ti Amẹ́ríkà wá gbé láàárín àwọn Vai, ni ìmọ̀ yìí ti wá, nítorí Sequoyah ti ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún àwọn Cherokee ní 1821. Ó ṣeé ṣe kí Bukele ti gbọ́ nípa rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó gbọ́ pé a lè kọ́ ilé kò tíì kọ́lé, àwọn àmì Vai kò sì jọ ti Cherokee.

Ní 1962 a ṣe àtòjọ àwọn àmì náà ní Yunifásítì Làìbéríà, ní 2008 wọ́n sì wọ inú Unicode tí àwọn kọ̀ǹpútà ń lò. Ṣùgbọ́n kí ìwọ̀nyí tó ṣẹlẹ̀, láìsí ilé ẹ̀kọ́ kankan, ọ̀rẹ́ ti ń kọ́ ọ̀rẹ́, ìbátan sì ń kọ́ ìbátan ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí àwọn olùwádìí dé ibẹ̀ láàárín ọdún 1970 sí 1979, wọ́n bá àwọn ọkùnrin Vai tí wọ́n ń fi àmì Bukele kọ lẹ́tà sí ará ilé tí ó wà lókèèrè, tí wọ́n sì ń kọ orúkọ ẹni tí ó dá owó níbi ìsìnkú àti iye tí ó dá.