William Wilson, Ẹni tí ó ti jìn sí Kòtò Ọtí rí

Àwọn àgbà wa a máa wí pé ẹni iwájú tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ni a ó ṣe fún ará ẹ̀yìn tí òun pẹ̀lú ti jìn sí kòtò kan náà? Ìtàn ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ní oṣù yìí dá ìbéèrè náà lóhùn. A bẹ ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ará ìjọ kí ẹ fi ara balẹ̀ kà á, nítorí kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí kò mọ ilé kan tí ọtí ti bà jẹ́.

A bí William Griffith Wilson ní ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá, 1895, ní East Dorset, ìletò kan ní ìpínlẹ̀ Vermont ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó tó nǹkan bí ọmọ ọdún 10 nígbà tí bàbá àti ìyá rẹ̀ kọ ara wọn sílẹ̀, tí a sì fi òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn òbí ìyá wọn. Ní 1912, ọmọbìnrin tí ó fẹ́ràn kú lójijì, ìbànújẹ́ sì bò ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́.

Ní 1917, nígbà tí ó di ọ̀gá kékeré nínú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun, wọ́n fún un ní ọtí níbi àsè kan. Ìtìjú tí ó máa ń bá a láàrin ènìyàn fò lọ. Ó rò pé òun ti rí oògùn rẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù kìn-ín-ní, 1918, ó gbé Lois Burnham níyàwó, ó sì re ojú ogun ní ilẹ̀ Faransé. Nígbà tí ó padà, ó ń ṣe ìwádìí fún àwọn tí ń ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ ńláńlá ní New York. Owó ń wọlé, ọtí pẹ̀lú ń wọlé. Nígbà tí ọjà ìpín náà wó ní 1929, gbèsè ni ó kù. Lois ni ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà kí àwọn méjèèjì tó lè jẹun. Lẹ́ẹ̀kan sí i àti lẹ́ẹ̀kan sí i, Wilson kọ ìlérí sínú Bíbélì ilé wọn pé òun kò ní mu ún mọ́. Kò sì lè mú un ṣẹ.

Láàrin 1933 àti 1934, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni ó wọ ilé ìwòsàn Towns ní New York. Oníṣègùn William Silkworth kọ́ ọ níbẹ̀ pé àìsàn ni ìmukúmu. Ìmọ̀ náà dára, síbẹ̀ ó padà sílé, ó tún mu. Ní oṣù kọkànlá, 1934, Ebby Thacher, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ tí wọ́n ti jọ máa ń mutí, wá kí i. Wilson gbé ọtí ka orí tábìlì ilé ìdáná, ṣùgbọ́n àlejò kò mu. Ó sọ bí òun ti rí ìrànlọ́wọ́ Ọlọ́run láàrin àwọn ará Oxford Group, tí wọ́n ń pàdé ní Calvary Church, ìjọ Episcopal tí í ṣe ìbátan ìjọ Anglican tiwa. Ìtàn ara rẹ̀ ni ó sọ, ọ̀rọ̀ náà sì wọ Wilson létí. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, ó wọ ilé ìwòsàn fún ìgbà kẹrin. Níbẹ̀ ni ó ké pe Ọlọ́run, kò sì tún mutí mọ́ títí ó fi kú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìtàn bẹ́ẹ̀ ń parí sí ni tirẹ̀ gbé bẹ̀rẹ̀. Fún nǹkan bí oṣù márùn-ún, ó ń wá àwọn ọ̀mùtí kiri, ó ń wàásù fún wọn. Ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn kò jáwọ́. Silkworth gbà á nímọ̀ràn kí ó dín ìwàásù kù, kí ó kọ́kọ́ sọ ti àìsàn náà.

Ní oṣù karùn-ún, 1935, iṣẹ́ ajé kan gbé e lọ sí Akron ní ìpínlẹ̀ Ohio. Iṣẹ́ náà kò yọrí sí rere, ó sì ku òun nìkan ní ilé-èrò Mayflower pẹ̀lú nǹkan bí dọ́là 10 lápò. Ọ̀sán Sátidé ni. Ní apá kan gbọ̀ngàn ni a ti ń ta ọtí. Ní apá kejì ni tẹlifóònù wà, pẹ̀lú ìwé tí a kọ orúkọ àwọn ìjọ ìlú sí. Ẹ̀rù bà á. Nígbà náà ni ó yé e pé, ní gbogbo oṣù márùn-ún wọ̀nyẹn, àwọn ọ̀mùtí tí òun rò pé òun ń ràn lọ́wọ́ ni kò jẹ́ kí òun padà sínú ọtí. Òun gan-an ni ó nílò ọ̀mùtí kan tí òun yóò bá sọ̀rọ̀.

Ó pe Alùfáà Walter Tunks ti ìjọ Episcopal, ó sì wí láìfi bò pé ọ̀mùtí ni òun, òun sì ń wá ọ̀mùtí mìíràn. Alùfáà náà kò fi í ṣẹ̀sín. Ó fún un ní orúkọ àwọn ènìyàn. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni ó ti kan Ìyáàfin Henrietta Seiberling, ẹni tí ó ti ń gbàdúrà fún oníṣègùn kan, Robert Smith, tí ọtí fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n pàdé ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Smith ti sọ pé òun kò ní lò ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Agogo mọ́kànlá òru kọjá kí ó tó lọ. Ó ti ka ìwé púpọ̀ lórí ọ̀ràn yìí, ó sì ti bá àwọn ará gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹni tí ọtí ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí bá a sọ̀rọ̀. Ó tún ṣubú lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ 10 oṣù kẹfà, 1935, ni a ń kà sí ọjọ́ tí ó mu ọtí ìkẹyìn, òun náà sì ni ọjọ́ ìbí ẹgbẹ́ wọn.

Àwọn méjèèjì lọ jókòó ti lọ́yà kan lórí ibùsùn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, òun sì di ẹnì kẹta. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kan ń mú òmíràn wá. Ní 1939 wọ́n tẹ ìwé wọn, Alcoholics Anonymous, èyí tí ẹgbẹ́ náà gba orúkọ rẹ̀: àwọn ọ̀mùtí tí a kì í dárúkọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1941 wọ́n tó nǹkan bí 2,000. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n tó 8,000. Lónìí wọ́n wà ní orílẹ̀-èdè tí ó ju 100 lọ. A kì í san owó kí a tó wọlé. Ìfẹ́ láti jáwọ́ ti tó. Ní 1951, Lois àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan dá ẹgbẹ́ Al-Anon sílẹ̀ fún ẹbí àwọn ọ̀mùtí, nítorí òun náà ti sun ẹkún wọn rí.

A kò sọ pé Wilson kò ní àbùkù. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá a jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, tábà tí ó ń fà sì ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Ebby pẹ̀lú tún ṣubú lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n Wilson kò kọ̀ ọ́, olùtọ́nà òun ni ó ń pè é títí Ebby fi kú ní 1966. Wilson kú ní Miami ní ọjọ́ 24 oṣù kìn-ín-ní, 1971, ní ọjọ́ tí ó pé ọdún 53 gẹ́lẹ́ tí ó gbé Lois níyàwó.

Ẹ̀yin ará, nígbà tí ọtí bá mú ẹnì kan láàrin wa, àwọn tí kò tọ́ ọ wò rí ni a máa ń rán lọ bá a wí. Ẹni tí ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ a máa fi ìtàn rẹ̀ pamọ́, àwa pẹ̀lú a sì máa bá a fi í pamọ́. Oníṣègùn ní iṣẹ́ tirẹ̀, alùfáà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bóyá ọkùnrin kan wà ní ìjókòó ẹ̀yìn ní ṣọ́ọ̀ṣì yín tí ó ti jáwọ́ nínú ògógóró láti ọdún mélòó kan. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó bá yín lọ sí ilé ẹni tí ó ṣì wà nínú kòtò náà. Kí ẹ jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀, kí ẹ̀yin dákẹ́. Àwọn méjèèjì ni yóò jèrè.